Hanifah Ló Ń Bá Mi Tọ́ Bísíkíìtì Ìtúnu Wò

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ ṣépè fún mi, ẹ kà á tán ná.

Orí fóònù ni mo ti ń tẹ gbogbo eléyìí, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má wo ti àṣìtẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀rọ̀ lé. Mo ba ayé ọ̀rẹ́ mi jẹ́ nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí. Torí bísíkíìtì!

Mùnírátù ni mí. Àwọn tó ń tẹ̀lé mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń pè mí ní Múnì Alábísíkíìtì. Jikwoyi l'Abuja níbí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà là ń gbé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́, fídíò ni mo wò tí mo fi mọ bísíkíìtì yan.

Hanifah, ilé wọn ló tẹ̀lé tiwa. A jọ lọ síléèwé ni, a jọ lọ sílé kéú, a jọ jẹgba áfà. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ máa ta bísíkíìtì, gbogbo èèyàn ló fi mí rẹ́rìn-ín. Òun ló gbé ófùnù ìyá ẹ̀ wá.

Bísíkíìtì ṣúgà ni tiwa, irú èyí tí wọ́n máa ń yí pẹlẹbẹ, tí wọ́n á wá fi páànù gé e sí oríṣiríṣi àwòrán. Àwọn oníkérésì máa ń gé igi, wọ́n máa ń gé áńgẹ́lì. Hanifah ló ní, "Kí ló dé tí àwa náà ò ní ṣe ti Ìtúnu?"

La bá gba Dei-Dei lọ sọ́dọ̀ Bàbá Bùsàrí, ará Ìsẹ́yìn kan tó ń kan páànù níbẹ̀. Àjákù páànù ni Bàbá fi ṣe é fún wa: oṣù, ìràwọ̀, àti bútà. Bẹ́ẹ̀ ni, bútà tí wọ́n fi ń ṣàlùwàlá! Tòun tẹnu ẹ̀ tòun tọwọ́ ẹ̀.

"Ẹ fẹ́ jẹ bútà?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Kai! Ẹ̀yin ọmọ Abuja yìí! Tó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹ ó wá ní kí n gé bàtà ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí fún yín!"

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Inú ààwẹ̀ lèèyàn ti ń ṣe bísíkíìtì ọdún, ẹni tó ń gbààwẹ̀ ò sì lè jẹ nǹkan lọ́sàn-án. Bọ́tà tí à ń rà, òmíì ní iyọ̀ nínú, òmíì ò ní. Tẹ́ ò bá tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó yan gbogbo ẹ̀, ẹ kàn ń da fúláwà nù ni.

Hanifah ló ń tọ́ ọ wò.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ó ń ṣe nǹkan oṣù ẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe é kì í gbààwẹ̀, tó bá yá á san án padà. Mi ò bi í. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù wo ni kì í lọ? Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ṣì ń tọ́ ọ wò.

"Hanifah, tìẹ ò tán ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Múnì, tí mo bá sọ nǹkan kan fún ẹ, ṣé inú ẹ ló máa wà?"

"Sọ ọ́ jàre. Mo ti gbé e mì."

"Wárápá ni."

Ọmọ tá a jọ dàgbà! Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ìyá òun ní Ìwó ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n fi òun ránṣẹ́ síbẹ̀, pé torí ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe tètè mú òun padà wá sí Abuja.

"Oògùn ló ń bá mi dì í mú. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Tí mo bá fo ẹyọ kan, ó lè gbé mi ṣubú. Dókítà ní kí n má dán ààwẹ̀ wò rárá. Áfà wa náà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kí n máa bọ́ tálákà dípò ẹ̀."

"Yàtọ̀ sí àwọn yẹn, ta ló tún mọ̀?"

"Màmá mi, Bàbá mi, Ràdíátù. Ìwọ náà báyìí."

Ràdíátù ni àbúrò ẹ̀.

"Àbdùlsàmàd ńkọ́?"

Ó mirí. Àbdùlsàmàd lẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Tí ọdún bá ti kọjá ni wọ́n máa so yìgì wọn. Aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.

"Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀," Hanifah ní, "tá a bá ṣínu tán. Èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Tó bá fẹ́ sá, kó sá níṣojú mi."

Láti ọjọ́ yẹn, tá a bá ti ń yí fúláwà, á máa fi mí dánra wò. Èmi á wé ìborùn mi bíi fìlà, màá ki ohùn.

"Àbdùl, jókòó."

"Mo ti jókòó, ayaba mi. Ṣé oúnjẹ ti jinná?"

"Múnì, má ṣeré!"

"Múnì wo? Ọkọ ẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Oúnjẹ dà, mo ní!"

A máa rẹ́rìn-ín títí fúláwà á fi kó sí wa nímú. Lẹ́yìn náà ojú ẹ̀ á wá yí padà, á sọ ọ́ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ gan-an.

"Nǹkan kan wà lára mi tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó gbé mi sílé. Kì í ràn. Ó lè má ṣe mí mọ́ láéláé, ó sì lè ṣe mí lọ́la. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Tó bá ti dé "ẹlòmíì" yẹn, ohùn ẹ̀ á gbọ̀n. Èmi á ní, "O ti gbọ̀n jù, tún un sọ." Á sì tún un sọ.

Ẹ gbọ́ mi ṣá. Èmi ni mo kọ́ ọ títí ohùn ẹ̀ ò fi gbọ̀n mọ́.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ ti fóònù báyìí.

Ọwọ́ mi kì í kúrò lára fóònù. Tí omi bá hó, mo ti gbé e síta fáyé wò. A ti jọ sọ ọ́ pé ọwọ́ Hanifah nìkan ni màá máa yà, kì í ṣe ojú ẹ̀, torí pé inú ààwẹ̀ la wà, ó sì ń jẹ nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Fìríísà ò tutù. Fúláwà tá a pò sì rèé, tí kò bá tutù, kò ní ṣe é gé: ìràwọ̀ á nà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ẹnu bútà á wọ́. Hanifah sáré lọ ra yìnyín, ó kó o sínú bàsíà, ó gbé fúláwà lé e, ó ń fi ike abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ tí ooru ń mú. Mo ti ń ya gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jáde nínú ófùnù, ó mú ìràwọ̀ kan, ó fẹ́ ẹ, ó gé e jẹ. Ó dijú. Ó mirí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Áà! Ọdún ti dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò rí ojú yẹn! Mi ò ya irú ẹ̀ rí. Mo wò ó, mo tún un wò. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo ní màá gé ibi tí ojú ẹ̀ wà kúrò. Ṣùgbọ́n tí n bá gé e kúrò, kí ló kù? Bàsíà.

Mo gbé e síta bó ṣe wà.

Kí n tó ṣínu, fóònù ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí, láti Gwarinpa, láti Kubwa, gbogbo wọn ló fẹ́ bísíkíìtì "ọ̀dọ́bìnrin tó dijú yẹn." Ọ́dà ń wọlé ṣáá.

Hanifah ò pẹ́ tó fi dé.

"Múnì, o gbé ojú mi síbẹ̀?"

"Ó rẹwà ni, wò ó..."

"Inú ààwẹ̀? Tí mò ń jẹ nǹkan? Ìwọ tó o mọ gbogbo ẹ̀!"

"Má bínú, mo ti ń pa á rẹ́. Wò ó, mo ti pa á rẹ́."

Irọ́ ni! Mi ò pa nǹkankan rẹ́. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ kí òun má lè rí i mọ́ ni. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ràdíátù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àbdùlsàmàd. Ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan burú ò ní mọ àwọn tó yẹ kó dí lójú. Mo mọ̀ dáadáa.

Ó sì wá dùn mọ́ mi. Mo máa ń gbé fóònù ti agolo mílíìkì, màá ní mò ń wo àkókò tí bísíkíìtì máa jáde. Hanifah tọ́ oṣù wò. Hanifah tọ́ bútà wò. Hanifah fajú ro torí iyọ̀ pọ̀. Ojoojúmọ́. Àwọn èèyàn ti ń béèrè ẹ̀ pé, "Aunty atọ́nǹkanwò dà lónìí?"

Òun ò mọ nǹkankan. Ó kàn ń tọ́ bísíkíìtì wò fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni.

* * *

Alhaja Gàníyátù ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Alhaja ló ni ilé kéú kan lọ́nà Karshi, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́dà tó tóbi jù ti wá. Gbogbo ọmọ kéú ẹ̀ ló fẹ́ fún ní bísíkíìtì lọ́jọ́ Ìtúnu. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé:

"Ọmọ mi, mo ti ń wo fídíò yín. Ọmọbìnrin yẹn ń jẹun lójoojúmọ́ Ọlọ́run. Ti obìnrin kì í pẹ́ tó báyìí o. Ṣé kì í gbààwẹ̀ ni? Mi ò lè gbé oúnjẹ tí aláìkàsí bá ṣe fún àwọn ọmọ kéú. Ẹ jẹ́ ká fi ọ́dà yẹn sílẹ̀."

Mo ti ra bọ́tà. Mo ti ra fúláwà. Mo ti kéde ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé odindi ilé kéú ló gbé ọ́dà fún mi.

Mo lè sọ pé dókítà ló ní kó má gbààwẹ̀, kí n sì pa ẹnu mi dé síbẹ̀. Mo lè sọ pé ara ẹ̀ ò yá. Mo tiẹ̀ lè jẹ́ kí ọ́dà lọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo rò lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi.

Mo di fóònù mú, mo gba ohùn sílẹ̀:

"Alhaja mi, ẹ kú iṣẹ́ ààwẹ̀ o, Múnì yín ni. Ẹ má bínú mà, kì í ṣe aláìkàsí o! Wárápá ló ń ṣe é, tí kò bá lo oògùn, ẹ̀ẹ̀ẹ́n, ó máa ń ṣubú lulẹ̀ ni. Ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ pàápàá ò tíì mọ̀, ẹ ò rí nǹkan! Kó mọ sọ́dọ̀ yín o, Alhaja mi. Ọ́dà yín ti ń lọ."

Mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Níbi "ẹ ò rí nǹkan" yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín téèyàn máa ń rín tó bá ń wá ojúrere àgbà.

Ó lọ. Mo ní kí n pa á rẹ́, àmì ti hàn pé Alhaja ti gbọ́ ọ.

"Subhanallahi," ni Alhaja dá mi lóhùn. "Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: mo jó.

* * *

Ọ̀sẹ̀ tí Jímọ̀ yẹn máa bọ́ sí, Hanifah já wọlé bá mi nílé ìdáná. Ìborùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mò ń gé oṣù lọ́wọ́.

"Ìyá Àbdùlsàmàd pe Màmá mi. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé mò ń ṣubú."

Mo gbé páànù sílẹ̀.

"Ta... ta ló sọ fún wọn?"

"Wọn ò sọ! Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Múnì, tó bá di Ọjọ́bọ̀, á ku ọjọ́ kan. Á ku ọjọ́ kan péré kí n sọ fún un!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sínú fúláwà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó mọ̀: dókítà àti áfà ò lè sọ ọ́, Bàbá ò lè sọ ọ́, Màmá ò lè sọ ọ́.

"Ó ku Ràdíátù," ló ní. "A jà lọ́jọ́sí, torí aṣọ. Ó ní màá rí i."

Ó wò mí. Ó ń dúró kí n sọ pé rárá.

Ẹ wò ó, ẹnu mi la, ohun tó jáde ni, "Ìwọ náà rò ó wò, ta ló tún kù?"

Hanifah kò gbá ọmọ yẹn létí rí láyé. Ó gbá a létí lọ́jọ́ yẹn. Ilé wa ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ tí Ràdíátù ń pariwo pé, "Sister mi, mo fi Ọlọ́run búra! Mo fi Ọlọ́run búra!"

Mo gbé bísíkíìtì sínú ófùnù.

* * *

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, lẹ́yìn ìrun aláásárì, Hanifah ní kí n wá jókòó ti òun. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò lè gbé òun. Mo lọ. Ìwọ ẹni tó ń ka èyí, ṣé ìwọ ò ní lọ? Tí mi ò bá lọ, wọ́n á mọ̀.

Ìyá Àbdùlsàmàd jókòó sórí àga ńlá, báàgì ẹ̀ lórí itan. Àbdùlsàmàd jókòó ti ìyá ẹ̀, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá àti ìyá Hanifah kọjú sí wọn. Ràdíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ wú. Hanifah di ọwọ́ mi mú.

"A ò bá tìjà wá," Ìyá Àbdùlsàmàd bẹ̀rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta ilé, ó yẹ kó fi ibi tó ń jò han ẹni tó fẹ́ rà á."

Ìyá Hanifah gbójú sókè. "Ọmọ mi kì í ṣe ilé, Alhaja. A ò sì tà á."

"Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rọra," Bàbá Hanifah ní. "Alhaja, òótọ́ ni pé ara ọmọ wa ò fi bẹ́ẹ̀ le. Òun fúnra ẹ̀ ló ní òun máa sọ ọ́, lọ́la yìí ló fi sí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ràdíátù ni, Bàbá," Hanifah dáhùn.

"Ẹ gbé Kùránì wá!" Ràdíátù já wọ àárín ilé. "Ẹ gbé e wá báyìí! Tó bá jẹ́ pé èmi ni, kí n má rí ọdún yìí!"

"Ràdíátù wo?" Ìyá Àbdùlsàmàd ní. "Mi ò mọ ọmọ yìí rí."

Ó ṣí báàgì ẹ̀.

Mo mọ̀. Kó tó yọ fóònù jáde, mo ti mọ̀. Mo fẹ́ dìde, àmọ́ ọwọ́ mi wà lọ́wọ́ Hanifah.

"Alhaja tó ni ilé kéú lọ́nà Karshi ló fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀," ó ní, "lọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Alhaja mi, ẹ kú iṣẹ́ ààwẹ̀ o, Múnì yín ni."

Ohùn mi! Ohùn mi ló kún gbogbo pálọ̀ yẹn. Wárápá. Ó máa ń ṣubú lulẹ̀ ni. Ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ pàápàá. Mo ń gbàdúrà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ohun tó ti wà nínú fóònù ò sì bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ó wá débi ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín mi jáde, ó mọ́ gaara.

Hanifah ò já ọwọ́ ẹ̀ gbà. Ó gbé ọwọ́ mi, ó gbé e lé itan mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé àwo kalẹ̀.

"Ṣé ìwọ kọ́ nìyí?" Ìyá Àbdùlsàmàd bi mí.

"Èmi ni, mà."

Hanifah ò wò mí. Àbdùlsàmàd ló ń wò.

"Ìgbà wo lo ti gbọ́ ọ?"

Àbdùlsàmàd ò gbójú sókè. "Láti ọjọ́ Ajé."

"O sì pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o ní ṣé mo ti jẹun."

"Màámi ló ní kí n má tíì sọ nǹkankan..."

"O sì jókòó báyìí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí etígbọ̀ọ́ Bàbá mi."

Mo rò pé Hanifah máa sunkún. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Èmi ni mo kọ́ ọ, mo ti sọ fún yín.

Ó kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ tí kò ní fẹ́ mọ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, mà. Ẹ má dààmú mọ́. Ilé náà ò sí fún títà."

Ó dìde, ó kọjá síbi tí Ràdíátù dúró sí. Níṣojú gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò ẹ̀. Orúnkún méjèèjì. Ràdíátù kígbe, ó ń fà á sókè, "Sister mi, ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Kò dìde.

Ìyá Hanifah ló sọ fún mi pé, "Múnì, máa lọ sílé." Kò pariwo. Ohùn tí wọ́n fi máa ń rán mi níṣẹ́ náà ni.

* * *

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Rárá o.

Ohùn mi yẹn ò dúró. Ó wọ Nyanya, ó wọ Karu, ẹnì kan ní òun gbọ́ ọ ní Kwali. Kì í sì í ṣe pé ọ̀rẹ́ dalẹ̀ ọ̀rẹ́ ni àwọn èèyàn mú nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n mú ni pé oníwárápá ń fi ẹnu kan bísíkíìtì tí mò ń tà.

Alhaja Gàníyátù ló kọ́kọ́ pè. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́jú, Múnì. Mi ò lè fún wọn ní ohun tí itọ́ ẹ̀ kàn."

"Alhaja, kì í ràn! Kò sí nínú itọ́!"

"Àwọn òbí wọn ti gbọ́, Múnì. Ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé?"

Ọ́dà gbogbo fò lọ. Mo wá ọ̀rọ̀ dókítà jáde, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé wárápá kì í ràn, pé téèyàn bá ń lo oògùn ẹ̀, á ṣiṣẹ́, á lọ́kọ, á bímọ. Mo gbé e sí gbogbo ibi tí ọwọ́ mi tó. Ìyẹn ò dé Kwali. Ìyẹn ò tiẹ̀ dé òpin àdúgbò wa.

Ní àárọ̀ Ìtúnu, mo wà ní yídì, lápá ẹ̀yìn àwọn obìnrin. Hanifah wọlé, ó tẹ́ ẹní ẹ̀. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún ẹ̀ wò ó, ó rọra fa ẹní tiẹ̀ sẹ́yìn. Tapá òsì náà fà á. Wọn ò sọ nǹkankan. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀ nínú sáfù, ìyẹn ìlà ìrun, gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àyè sì wà lọ́tùn-ún ẹ̀, àyè wà lósì ẹ̀.

Mo ká ẹní mi. Mo ní màá lọ kún un. Kí n tó dé ibẹ̀, Ràdíátù ti sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó tẹ́ ẹní ẹ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ìyá wọn sì gba apá kejì. Ràdíátù rí mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọjú sí kíbílà.

Mo padà sẹ́yìn.

Àbdùlsàmàd padà wá lẹ́yìn ọdún o. Òun nìkan. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí oòrùn fi kan án lórí. Ó ní òun ṣì fẹ́. Hanifah rán Ràdíátù sí i pé kó máa lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ fún mi pé mo ṣe Hanifah lóore, pé mo jẹ́ kó mọ irú ẹni tó fẹ́ fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ìyẹn mọ́. Hanifah ti dánra wò. Bóyá tó bá jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ni Àbdùl ti gbọ́ ọ, bóyá ì bá dìde, ì bá di ọwọ́ ẹ̀ mú. A ò lè mọ̀ láéláé. Èmi ni mi ò jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù bíi tèmi: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ra ojúrere ẹnikẹ́ni. Kò sí bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ tó máa dá a padà.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbìyànjú, mo lọ sílé wọn. Hanifah jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ.

"Kí lo tún fẹ́?"

"Hanifah, mo fẹ́ kọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ gbé e fún ìwé ìròyìn, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíì. Tó o bá ní kí n má kọ ọ́, mi ò ní kọ ọ́. Mi ò sì ní dárúkọ ẹ. Màá yí i padà sí orúkọ míì."

Ó ṣa òkúta kan kúrò, ó jù ú nù.

"Fi orúkọ mi sí i," ló ní. "Ta ló kù tó o fẹ́ fi í pamọ́ fún?"